Ilé Kì Í Wó Lọ́jọ́ Tó Wó: Ohun Tí Ògiri Tó Là Ń Sọ

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan wó lulẹ̀ ní Ìta Fájì, l'Ékòó Ìsàlẹ̀. Àwọn ayálégbé ń gbé inú rẹ̀, ilé ìwé àwọn ọmọdé sì wà lókè. Èèyàn 20 ló kú, ọmọ ilé ìwé sì pọ̀ nínú wọn. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi jáde pé LASBCA, àjọ tó ń mójú tó ilé kíkọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ti fàmì sára ilé náà tẹ́lẹ̀ pé wíwó ni kí wọ́n wó o.

Bí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀, ohun tí gbogbo wa máa ń béèrè ni pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni ò rí i ni?" Wọ́n rí i. Onílé rí i, ayálégbé rí i, òṣìṣẹ́ ìjọba náà rí i débi pé ó sàmì sí i. Ìbéèrè tó kù ni pé, kí ló dé tí gbogbo ojú tó rí i kò fi rí i dá dúró? Àlàyé tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn, torí ó ti sú mi bí a ṣe máa ń sunkún lórí àwókù, tí a ó ní símẹ́ńtì ayédèrú ló fà á, tí kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ títí òmíràn yóò fi wó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìlà tó bá yọ lára ògiri ló ń sọ pé ilé fẹ́ wó. Àwọn ìlà tín-ínrín tó máa ń tàn kálẹ̀ lójú ògiri, tí kò jinlẹ̀, símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ló gbẹ tó sì súnkì. Kí wọ́n ha á, kí wọ́n tún un rẹ́, ó tán. Èyí tó yẹ kó já èèyàn láyà ni ìlà tó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tàbí igun ìlẹ̀kùn, tó dábùú ògiri lọ sókè bí àtẹ̀gùn, tí etí owó bébà lè wọ inú rẹ̀. Ìyẹn sábà máa ń sọ pé apá kan ilé ń rì ju apá kejì lọ, pé ọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀ nínú ìpìlẹ̀. Bí ìlẹ̀kùn tó ti ń pa dé dáadáa bá dédé bẹ̀rẹ̀ sí í há, tí kì í ṣe òjò ló mú igi rẹ̀ wú, ẹ wo férémù rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti wọ́. Bí kọ́ńkéré bá ń bọ́ lára òpó, tí irin inú rẹ̀ yọ síta tó ti dípẹtà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀dà ló kù. Irin tó bá dípẹtà a máa wú, wíwú rẹ̀ ló ń ti kọ́ńkéré náà dànù láti inú wá. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: ìlà kékeré tó ń gùn sí i lóṣooṣù léwu ju ìlà ńlá tó ti dúró sójú kan láti ọdún mẹ́wàá. Ẹ fi bírò sàmì síbi tí ìlà náà dé, ẹ kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá di oṣù tó ń bọ̀, ẹ ó mọ̀ bóyá ó ń rìn.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí a bá ti mọ̀ pé òpó ni kò lágbára, ó yẹ ká béèrè ohun tó sọ òpó di aláìlágbára.

Ẹni tó bá ti dúró níbi tí wọ́n ti ń da dẹ́kìn rí yóò ti gbọ́ igbe yìí: "Ẹ fomi sí i!" Kọ́ńkéré tó ki máa ń wúwo nínú páànù, ó sì máa ń ṣòro tẹ́. Èyí tó bá ṣàn kì í gba agbára, kíá ló ń tẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni ọ̀gá bíríkìlà bá àwọn alágbàṣe dì. Bí ilẹ̀ bá ṣú kí dẹ́kìn tó parí, àpò ara rẹ̀ ni yóò ti mú owó tí wọ́n á fi padà wá lọ́jọ́ kejì. Nítorí náà, omi ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo omi tó bá ju ti yẹ lọ ló máa ń fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ nínú kọ́ńkéré nígbà tó bá gbẹ, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Lẹ́yìn tó bá dì tán, ó tún yẹ kí wọ́n máa bomi rin ín lójoojúmọ́ fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan, torí kọ́ńkéré kì í dá agbára rẹ̀ ní lọ́jọ́ kan: ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjiníà máa ń dúró kí wọ́n tó sọ iye tó lè gbé. Ta ni yóò sanwó fún ẹni tó ń bomi rin ohun tó ti dì? Lójú onílé, iṣẹ́ ti parí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé kò tíì sí olè kankan nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí. Ẹnikẹ́ni kò jí àpò símẹ́ńtì kankan. Bí wọ́n ṣe ṣètò owó iṣẹ́ ọjọ́ náà nìkan ti tó láti sọ dẹ́kìn di ẹlẹgẹ́.

Ti búlọ́ọ̀kù náà rí bẹ́ẹ̀. Nínú àpò símẹ́ńtì kan, kílò 50, ẹni tó bá fẹ́ ṣe búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án tó dára kì í fẹ́ kọjá nǹkan bí 30. Ẹni tó ń yọ 45 tàbí 50 wà ní òpópónà kejì, owó pọ́ọ́kú ló sì ń ta tiẹ̀. Ẹni tó wá rà á kò ní irinṣẹ́ tí yóò fi wọn agbára búlọ́ọ̀kù, iye owó nìkan lojú rẹ̀ rí. Tó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún díẹ̀, ẹni tó ń ṣe ojúlówó ni ọjà yóò kọ́kọ́ lé kúrò. Ní 2014, SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, pàṣẹ pé símẹ́ńtì 32.5 (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó) kò gbọ́dọ̀ kọjá rírẹ́ ògiri, pé 42.5 ni kí wọ́n máa fi da òpó àti dẹ́kìn. Àṣẹ náà dára. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà tí wọ́n lè tẹ̀ sára àpò tí yóò sọ iye yanrìn tí wọ́n máa pò mọ́ ọn ní ọjọ́ iṣẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa irin, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ bíríkìlà, tó dé ọwọ́ ìlú. Kí ẹni tó ra ilẹ̀ tó gbé ìpìlẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ á gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá kan dẹ́kìn, wọ́n á gba owó dẹ́kìn. Bó bá kan òrùlé, wọ́n tún ti dé. Òfin kan wà ní ìpínlẹ̀ Èkó láti 2016 tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹnikẹ́ni máa fipá gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ́lé sí ẹ̀yìn ìlú láìpẹ́ yìí bóyá ó san án tàbí kò san án. Owó yẹn kì í já bọ́ láti ọ̀run. Owó irin ni wọ́n ń yọ ọ́ nínú rẹ̀: òpó tí ẹnjiníà ní kí wọ́n fi irin onímílímítà 16 sí, irin 12 ni wọ́n rà. Lójú lásán, ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé méjèèjì tí ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e, irin 12 fi díẹ̀ ju ìdajì irin 16 lọ ni. Ẹni náà rò pé òun dín díẹ̀ kù, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pín agbára irin inú òpó rẹ̀ sí méjì.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí òpó fi rọ, ó yẹ ká béèrè ìdí tí àgọ́ ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ kò fi lè dáàbò bo ẹni tó fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀. Àwọn méjèèjì jìnnà sí ara wọn lójú, àmọ́ okùn kan náà ló so wọ́n pọ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì rò pé àìlówó ló ń fà á, kó wo Ìkòyí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road wó. Èèyàn tó lé ní 40 ló kú, ẹni tó ń kọ́ ilé náà gan-an wà lára wọn. Owó wà níbẹ̀. Àwọn ẹnjiníà wà níbẹ̀. Ìwé àṣẹ náà wà, àmọ́ aláṣẹ kan sọ pé ilé alájà 15 ni ìjọba fọwọ́ sí. Ilé iṣẹ́ ẹnjiníà kan ti kọ̀wé ní 2020 pé àwọn yọwọ́ nínú iṣẹ́ náà, torí àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé ilé náà yóò lágbára. Ìjọba pàápàá ti tì í pa nígbà kan, wọ́n sì tún ṣí i.

Lẹ́tà yẹn ló máa ń dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn náà. Ẹnjiníà tó yọwọ́ ti ṣe ohun tí ẹ̀rí ọkàn àti iṣẹ́ rẹ̀ ní kó ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un ni lẹ́tà náà lọ, ẹni tí kò wù kí iṣẹ́ dúró. Ká ní ó wà nínú òfin, tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé e, pé ọjọ́ tí ẹnjiníà bá yọwọ́ ni iṣẹ́ dúró, pé ẹ̀dà lẹ́tà rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba lọ́jọ́ kan náà, pé kọ́ńkéré kankan kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́ títí ẹlòmíràn yóò fi fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un, mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú níbẹ̀ ì bá wà láàyè. Lẹ́yìn tí ilé wó tán, gómìnà dá ọ̀gá àjọ kan dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì jábọ̀ fún un ní oṣù kìíní ọdún 2022. Gbogbo ìyẹn, lẹ́yìn òkú ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ bí iṣẹ́ ṣe pín láàárín àwọn àjọ wọ̀nyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. LASPPPA ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ. LASBCA ló ń wá wo ilé bó ṣe ń gòkè. Ilé àyẹ̀wò ohun èlò ìkọ́lé, tó tún dá dúró lọ́tọ̀, ló ń wọn agbára kọ́ńkéré àti irin. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé kọ́ ló ń wo òpó, ẹni tó ń wo òpó kọ́ ló ń wọn kọ́ńkéré. Bí ìwé bá pẹ́ kó tó jáde, tó sì náni lówó púpọ̀, èèyàn á kọ́kọ́ kọ́lé, á wá ìwé tó bá yá. Ìgbà tí òṣìṣẹ́ LASBCA máa dé ibẹ̀, ìpìlẹ̀ ti wọlẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Kí ni yóò ṣe? Owó ìtanràn ni yóò bù fún un. Owó náà á wọ àpò ìjọba, ìpìlẹ̀ á wà bó ṣe wà. Èrò tèmi ni pé ibikíbi tí wọ́n bá ti ń fi iye owó tó wọlé díwọ̀n iṣẹ́ àjọ tó yẹ kó máa dá ilé dúró, ẹ̀ṣẹ̀ onílé ti di ohun tí àjọ náà ń jẹ.

Orílẹ̀-èdè Tọ́kì ti rìn ní ọ̀nà yìí. Ní 2018, ìjọba wọn ní kí ẹni tó bá kọ́lé tí kò bófin mu wá sanwó, kó gba ìwé. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn san án. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 2023, ó lé ní 50,000 èèyàn tó kú ní Tọ́kì nìkan. Kì í ṣe gbogbo ilé tó wó ló gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí èèyàn fowó rà kì í fi irin kún òpó.

Ó tún ku ẹ̀gbẹ́ kan tí a kì í fẹ́ wò: àwọn tó mọ̀ pé ilé ti là, tí wọ́n ṣì ń wọ inú rẹ̀. A máa ń pè wọ́n ní òmùgọ̀, a sì máa ń ṣì wọ́n lóye.

Ní Bangladesh, ilé alájà mẹ́jọ kan tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza là ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2013. Ó là débi pé wọ́n kó àwọn èèyàn jáde nínú rẹ̀. Báńkì àti àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ kò ṣí lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ àwọn tó ń ránṣọ ní àwọn àjà òkè, wọ́n ní kí wọ́n wá síbi iṣẹ́, wọ́n sì halẹ̀ mọ́ àwọn míì pé owó oṣù wọn yóò lọ sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ 24, iná lọ, wọ́n tan àwọn jẹnẹrétọ̀ ńlá tó wà lókè, ilé náà sì wó. Èèyàn 1,134 ló kú. Àwọn àjà tí wọ́n fi kún un lókè kò níwèé àṣẹ rárá.

Ìlà kan náà ni òṣìṣẹ́ báńkì àti aránṣọ rí. Ìmọ̀ wọn kò yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹnì kan lè sọ pé òun kò lọ kó sì tún jẹun lálẹ́, ẹnì kejì kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ayálégbé l'Ékòó. Òfin ilé yíyá ti 2011 ní kí onílé má ṣe gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé. Owó ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ onílé ṣì ń gbà, pẹ̀lú owó ejẹ́ńtì àti owó àdéhùn lórí rẹ̀. Obìnrin tó yáwó lọ́dọ̀ alájẹṣẹ́kù kó tó lè san gbogbo rẹ̀ lóṣù méjì sẹ́yìn, tó wá jí lọ́jọ́ kan tó bá àmì pupa lára ògiri, níbo ni kó lọ? Onílé kò ní dá owó padà fún un. LASBCA kò ní yàrá kankan tó máa fún un sùn. Yóò gbé àga dí ìlà ara ògiri náà, yóò sì máa gbàdúrà. Kò sí ohun tó ń jẹ́ àìmọ̀ nínú ìyẹn.

Kì í sì í ṣe Èkó nìkan. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2024, ilé ìwé kan wó ní Jọ́ọ̀sì nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́. Èèyàn 22 ló kú. Ọmọdé kò lè wo òpó kó sọ pé òun ò wọlé. Àgbàlagbà ló yẹ kó wò ó fún un.

Àwọn kan á ní, "Kí la tún ń sọ? Ìwà ìbàjẹ́ ni gbogbo ẹ̀." Mi ò bá wọn jiyàn pé ìwà ìbàjẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti di ibi tí a ń dé tí a fi ń dákẹ́ ìrònú, bíi pé àwọn èèyàn búburú kan ló wà níbì kan, tí a bá ti lé wọn lọ ó tán. Ẹ padà wo àwọn tí a ti dárúkọ. Bíríkìlà tó bá kọ̀ láti fomi kún kọ́ńkéré á fi owó ara rẹ̀ san iṣẹ́ ọjọ́ kejì. Oníbúlọ́ọ̀kù tó bá ṣe ojúlówó á pàdánù oníbàárà. Ẹnjiníà tó bá yọwọ́ á pàdánù iṣẹ́, iṣẹ́ náà á sì máa lọ láìsí i. Òṣìṣẹ́ tó bá ti ilé olówó pa á gba ìpè láti òkè pé kó lọ ṣí i. Ayálégbé tó bá kó jáde á pàdánù owó ilé. Ní gbogbo ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, olóòótọ́ ló ń san gbèsè. Bí ẹ bá lé gbogbo wọn kúrò lónìí, tí ẹ kó áńgẹ́lì wọlé dípò wọn, mo rò pé láàárín ọdún mélòó kan ẹ ó tún gbọ́ "Ẹ fomi sí i!"

Ohun tí mo fi ń dán ètò èyíkéyìí wò nìyẹn, ìbá à jẹ́ ti ilé tàbí ti ilé ìwòsàn tí aláìsàn ti ń fowó ara rẹ̀ ra ìbọ̀wọ́ dókítà: ẹni tó bá ṣe ohun tó tọ́ níbẹ̀, kí ló máa pàdánù, ta ló sì máa dá a padà fún un?

Ní ti ilé, ìdáhùn kan wà tí kò jìnnà. Òfin Èkó ti fún ìjọba láyè láti gba ilẹ̀ tí ilé wó lé lórí lọ́wọ́ onílé, bó bá hàn pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á. Ilẹ̀ Èkó Ìsàlẹ̀ kì í ṣe ohun tó pọ́ọ́kú. Ìjọba lè fi ilẹ̀ kan náà ṣe ohun ìdógò ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó kú: lọ́jọ́ tí wọ́n bá fàmì sára ilé, kí wọ́n san owó ilé tó kù fún ayálégbé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbèsè lórí ilẹ̀ náà, kí onílé má sì lè tà á títí yóò fi san án. Obìnrin tó yáwó lọ́dọ̀ alájẹṣẹ́kù á rí owó mú lọ síbòmíràn. Onílé náà á rí i pé àtúnṣe òpó kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní báyìí ná, ẹni tó bá ń gbé inú ilé tí ìlà rẹ̀ ń rìn l'Ékòó lè pe 767 tàbí 112. Kí ẹ tó pè, ẹ ya fọ́tò ìlà náà pẹ̀lú déètì tí ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayálégbé tó kù kó lè wà lọ́wọ́ èèyàn púpọ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá wá, ẹ gba orúkọ wọn, ẹ ya fọ́tò ìwé tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ògiri, kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn dáadáa. Ilé tí èèyàn mẹ́wàá ní nọ́ńbà ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ṣòro ṣí padà ní kọ̀rọ̀.